Ife Bíà Kan Ṣoṣo Tí Mo Mu ní Jámánì

Ọdún tí ìjọba kó ọ̀kadà kúrò ní Ìkẹjà, tí àwa tí orúnkún ń dùn di ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀ ní tipátipá, ọdún yẹn ni mo rin ìrìn-àjò tí mo fẹ́ sọ yìí. N kò mọ iye tí òyìnbó ń pe ọdún náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Oregun dé Maryland lọ ra bàtà ìrìn-àjò, ẹsẹ̀ náà ni mo fi rìn padà.

Èmi ni Ìyá Láídé. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń ta bíà ní Oregun, lẹ́yìn ọgbà ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike. N kò kàwé. Mosún, ọmọ Bísí ọmọ mi, ló ń bá mi kọ èyí. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má fi gírámà ṣe é lóge.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ìjọ aláṣọ funfun ni mò ń lọ. Ìjọ wa kò gbà kí a fi ọtí kan ẹnu. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa títà á. Nítorí náà, gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ohun tí n kò tọ́ wò rí ni mò ń tà. Ojú ni mo fi mọ bíà. Mo mọ èyí tó tutù nípa bí ìgò rẹ̀ ṣe ń làágùn, mo sì mọ irú ọkùnrin tó ń mu ún nípa ìgò òfìfo tó wà níwájú rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù mi a kì í kó ìgò òfìfo títí oníbàárà á fi dìde. Iyì rẹ̀ ni. Èmi á jókòó lẹ́yìn firíìjì, màá máa wo tábìlì bí dókítà ṣe ń wo ojú aláìsàn. Ìgò mẹ́ta, ọkùnrin aláyọ̀ ni. Ìgò mẹ́fà, ó ń sá fún ìyàwó. Ìgò méjì ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, ẹ lọ pe ẹbí rẹ̀ wá.

Bàbá Láídé, ọkọ mi, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ló ń mu tirẹ̀. Kì í mu ún lọ́dọ̀ mi, ojú ń tì í. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń ta pàràgà lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ wọn ló ti ń mu ún. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló pa á. Mo sunkún, mo sì ṣí ṣọ́ọ̀bù padà lẹ́yìn ogójì ọjọ́, nítorí ẹkún kì í san owó ilé-ìwé.

Ìdí nìyí tí àyà mi fi já nígbà tí Alhaji kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò tokunbọ̀ ní Agége ti Jámánì dé, tó yà kí mi. Ó mu omi tí mo gbé fún un tán, ó ní, “Ìyá Láídé, èmi kì í ṣe olófòófó o.”

Mo ní, “Alhaji, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ báyẹn, òfófó ló kù.”

“Mo rí Gbóyè yín níbẹ̀. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni. Ife bíà ló wà níwájú ẹ̀, ife ọ̀hún gùn tó apá ọmọdé. Ó ń fi jẹun àárọ̀.”

Gbóyè ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí mo bí. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti lò ní Jámánì láì wálé. Mo ti sin ẹnì kan tó ń mutí láàárọ̀. Mo ní n kò ní sin ìkejì. Mo ní màá lọ fi ojú ara mi wo tábìlì rẹ̀.

*Lómè*

Ọ̀dọ̀ Rẹ̀mí àbúrò mi ni mo kọ́kọ́ yà sí. Ará Tógò ló fẹ́, Kòfí lorúkọ ọkọ rẹ̀, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ-ọmọ mi kan lọ.

Kòfí mú wa lọ sí ilé ọtí létí òkun. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni bí ibẹ̀ ṣe dákẹ́. Kò sí ẹni tó ń fi ìgò lu tábìlì, kò sí ẹni tó ń pariwo pé “Ìyá, ti wa dà?” Ọkùnrin mẹ́ta jókòó ti ìgò kan ṣoṣo, wọ́n ń dà á sínú ife kéékèèké bí ẹni ń fún ọmọ ní oògùn ikọ́. Ní Oregun, ọkùnrin tó bá pín ìgò kan pẹ̀lú ẹlòmíràn, a máa bi í bóyá wọ́n ti lé e níbi iṣẹ́. Kí Kòfí tó mu tirẹ̀, ó ro díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn bàbá rẹ̀ tó ti kú. Mo wo ilẹ̀ ibẹ̀, ó tutù káàkiri. Àwọn òkú Lómè ń gbádùn.

Kòfí nawọ́ ife sí mi. “Ẹ mu, Màmá.”

Mo ní, “Mi ò kì í mu ún, ọkọ Rẹ̀mí.”

“Ha! Ẹni tó ń tà á, kì í mu ún? Àbí ẹ ti rí nǹkan kan nínú ẹ̀ tí ẹ ò fẹ́ sọ fún wa?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹja yíyan tí mò ń jẹ kò lọ dáadáa mọ́.

*Lọ́ńdọ̀n*

Láídé, àkọ́bí mi, ló wà ní Lọ́ńdọ̀n. Òtútù ìlú yẹn, ẹ má bi mí. Bíà wọn nìkan ló lọ́ wọ́ọ́rọ́. Gbogbo nǹkan níbẹ̀ ló tutù àfi ohun tó yẹ kó tutù.

Arúgbó òyìnbó kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Láídé, Màgí lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ọlọ́tí ni mí, ó dì mọ́ mi bí ẹni rí mọ̀lẹ́bí, ó ní dandan ni kí òun mú mi lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn. A wọlé, ajá wà lábẹ́ tábìlì. Kì í ṣe pé ó ṣìnà wọlé o, àlejò ni. Wọ́n gbé omi fún ajá kí wọ́n tó bi mí ohun tí mo fẹ́. Mo bèèrè pẹpẹsúùpù, Láídé fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ọ̀dùnkún pẹlẹbẹ gbígbẹ nínú náílọ́nù ni wọ́n fi ń mu ún. Mo ṣàánú wọn.

Àṣà wọn ni pé ẹnì kan á ra fún gbogbo àwọn tó jókòó, lẹ́yìn náà ẹnì kejì á rà, títí yóò fi kárí. Ẹnikẹ́ni kò lè dìde kó tó kàn án láti rà. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti mu ún tó, ojú rẹ̀ sọ pé ó ti tó, ṣùgbọ́n ó ṣì ku ẹni méjì tí kò tíì ra tiwọn, bàbá náà kò sì fẹ́ tàbùkù wọn. Ìwà ọmọlúwàbí ló fẹ́ pa á.

Ohun tó bí mi nínú ni pé bí ẹnì kan bá ti mu tán, ọmọbìnrin kan á ti wá gbé ife lọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì í lọ́wọ́ mú.

“Láídé, kí ló ń kó ife fún? Wọn ò tíì dìde!”

“Mọ́mì, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí nìyẹn. Wọn ò fẹ́ kí tábìlì dọ̀tí.”

“Báwo wá ni ìyàwó á ṣe mọ iye tí ọkọ ẹ̀ mu?”

“Ìyàwó ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ yẹn. Òun náà ń mu.”

Mo ronú pé tí bẹ́ẹ̀ bá ni ní Jámánì náà, tí kò bá sí ìgò lórí tábìlì, báwo ni mo ṣe máa mọ òtítọ́? Nígbà tí a délé, mo bi Láídé pé, “Ṣé àbúrò rẹ ń mutí?”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwo tó mọ́. “Mọ́mì, ẹ bi òun fúnra ẹ̀.”

Láídé kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Lóru yẹn n kò fojú ba oorun.

*Jámánì*

Gbóyè wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Bó ṣe rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ dídán yẹn, ọlọ́pàá kan sì sáré wá, ó rò pé àárẹ̀ ló gbé e ṣubú. Nígbà tí mo dì mọ́ ọn, kí Ọlọ́run dárí jì mí, imú ni mo fi ń wá ọtí lára rẹ̀. Òórùn ọṣẹ nìkan ni mo gbọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Hánà ìyàwó rẹ̀, ọmọ Jámánì tó tẹ́ẹ́rẹ́, gbé oúnjẹ kalẹ̀: sọ́séèjì funfun tí wọ́n bọ̀ nínú omi lásán, bí ìgbà tí ata di èèwọ̀. Ó sì gbé ife gígùn kan síwájú ọkọ rẹ̀. Bíà ló kún inú rẹ̀. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀, bí Alhaji ṣe wí gẹ́lẹ́.

Mo dìde. “Gbóyè! Ṣé bàbá rẹ lo fẹ́ lọ bá ni?”

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Kò sí ọtí nínú ẹ̀.”

“Èmi lò ń sọ ìyẹn fún? Èmi? Ìfófó nìyẹn, àwọ̀ nìyẹn!”

“Bíà ni, àmọ́ wọ́n ti yọ ọtí inú ẹ̀ kúrò.”

Mo ní irọ́ tí bàbá rẹ̀ ń pa fún mi dára ju ìyẹn lọ. Hánà gbé ìgò náà wá, ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Mo wò ó títí. Ìwé ara ìgò kò bá mi sọ̀rọ̀ rí. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé bí wọ́n bá gbé méjèèjì kalẹ̀, ọlọ́tí àti aláìlọ́tí, èmi ọ̀gá Oregun kò lè sọ èyí tí í ṣe èyí. Bí mo tilẹ̀ tọ́ ọ wò, kí ni mo fẹ́ fi wé?

Gbóyè rọra ti ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Ọdún mẹ́rin ti lọ báyìí tí mo ti jáwọ́ nínú ọtí, Mọ́mì. Ṣáájú ìgbà yẹn, tí ẹ bá rí mi lójú títì, ẹ ò ní mọ̀ mí. Iṣẹ́ bọ́. Hánà kó jáde, ẹ̀yìn tí mo jáwọ́ ló padà. Ìdí tí mi ò fi wálé nìyẹn.”

“Ṣé o ò kàn lè máa mu ẹyọ kan ni, kóo fi í lẹ̀?”

“Ẹyọ kan gan-an ni mi ò lè mu. Mẹ́wàá, mo lè mu ún.”

Mo gbà á gbọ́ dé ìdajì. Ìdajì kejì ń dúró de ẹ̀rí.

Lọ́sẹ̀ yẹn Hánà mú mi rìn káàkiri. Ó mú mi lọ sí orí òkè kan níbi tí àwọn ọkùnrin Ọlọ́run tí kì í níyàwó ń gbé. Ní òwúrọ̀ kùtù wọ́n ń gbàdúrà, tí àdúrà bá tán wọ́n á lọ pọn bíà. Nínú ọgbà ilé Ọlọ́run! Mo wo ọ̀kan nínú wọn, ó fi àgbélébùú kọ́rùn, ó sì ń yí àgbá ọtí. Mo rántí Wòlíì wa, mo ní ó dára tí kò bá mi wá.

Tí àwọn ará ibẹ̀ bá fẹ́ kan ife pọ̀, dandan ni kí o tẹjú mọ́ ẹyinjú ẹni tó wà níwájú rẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tó bá ń gba ife lọ́wọ́ àgbà tó tẹjú mọ́ ọn, a ó bi í pé ta ló kọ́ ọ. Hánà sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò bá wojú, Gbóyè kọ̀, kò túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Láídé ló wá sọ ọ́ lórí fóònù: wọ́n ní ọdún méje ni nǹkan kò ní dùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní opó ni mí, kí wọ́n máa kan ife wọn lọ.

*Àwọn àlejò*

Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn Yorùbá ìlú náà ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá kí mi. Dádì Tóyìn ni olórí wọn, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé eyín rẹ̀ gan-an jẹ́ ti Jámánì. Gbóyè àti Hánà jáde lọ ra ẹran. Mo ṣí firíìjì wọn: omi, omi ọsàn, wàrà. Mo tún un ṣí, bóyá mo ṣì wò ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí àlejò wá bá ìyá ọlọ́tí Oregun nílé, kó gbé omi kalẹ̀? Mo pe ìyàwó Dádì Tóyìn lórí fóònù. Mo ní kó bá mi ra kíréètì bíà kan bọ̀, èyí tó dára, kó sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe pé mo gbàgbé ohun tí Gbóyè sọ. Àwọn àlejò ni mò ń rò. Mo ti ń gbé ọtí fún àlejò láti ìgbà tí mo ti lókun láti gbé kíréètì.

Gbóyè wọlé, ó bá kíréètì láàárín pálọ̀, ó dúró.

“Ta ló gbé ìyẹn wọlé?”

“Èmi ni. Ti àwọn àlejò ni.”

Ó lọ sí ìdáná, mo gbọ́ tí omi ẹ̀rọ ń dà, tí kò sì sí ohun tí ó ń fọ̀.

Àlejò pé. Wọ́n kí mi, wọ́n bèèrè Agége, wọ́n bèèrè Ìkẹjà, bí ẹni ń bèèrè èèyàn. Dádì Tóyìn ṣí ìgò kan, ó kún ife dé ẹnu. Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá gbé ọtí kalẹ̀ ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀. Ó na ife náà sí Gbóyè.

“Onílé, tọ́ ọ wò fún wa.”

“Ẹ máa mu ún, sà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.”

“Tí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, kí ló wá dé tó ò mu ún?” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Mò ń lo oògùn ni, sà.”

“Oògùn wo? Ọmọ Ìyá ọlọ́tí! Ṣé ọmọ ẹja ń bẹ̀rù odò ni? Bíńtín báyìí. Àbí o ti fi nǹkan sí i fún wa ni?”

Ẹ̀rín tún sọ. Gbóyè gba ife náà. Kí ló fẹ́ ṣe? Àgbà ló nawọ́ sí i, níwájú ìyá rẹ̀. Kò wo Dádì Tóyìn, kò wò mí, kò wo Hánà tó dìde dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná. Ife nìkan ló ń wò.

Mo mọ ojú yẹn. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń rí i láti ẹ̀yìn firíìjì. Ojú ọkọ mi ni. Tí mo bá sì ti rí ojú yẹn lára oníbàárà, ohun tí mo máa ń sọ ni pé, “Ṣé kí n ṣí òmíràn?”

Mo dìde. “Dádì Tóyìn, ta ló gbé ọtí kalẹ̀?”

“Onílé kẹ̀, Màmá.”

“Rárá o. Ẹ bi ìyàwó yín. Owó mi ni mo fi rà á, èmi ni mo gbé e kalẹ̀. Èmi ni màá tọ́ ọ wò.”

Mo gba ife náà lọ́wọ́ ọmọ mi. Ìka rẹ̀ kò tètè tú. Mo gbé e sẹ́nu, mo sì mu ún tán, kí ó má baà ṣẹ́kù fún ẹnikẹ́ni.

Ó korò. Ó korò bí ewúro tí a kò fọ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni mo fi ń gbé kíkorò yìí fún ọmọ ọlọ́mọ, tí mò ń rẹ́rìn-ín sí wọn, tí mò ń sọ pé, “Ẹ kú ìgbádùn o.”

Dádì Tóyìn pàtẹ́wọ́. “Màmá! Ẹ ò ṣẹ́ ẹ kù!” Mo gùfẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Mo ní ó dára, kò sí májèlé níbẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ ti dé, kí wọ́n gbé ìyókù lọ sílé wọn, ẹ̀bùn Oregun ni. Ẹni tí a bá fún ní ẹ̀bùn kì í bèèrè ìdí. Wọ́n gbé e sínú mọ́tò.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Gbóyè wá jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. “Mọ́mì, ẹ ṣé.”

Mo ní, “Fi mí sílẹ̀ ná. Ilé yìí ń yí.”

Ó rẹ́rìn-ín títí tí ẹ̀rín fi di ẹkún. Ìdajì tó kù, mo gbà á gbọ́ lọ́jọ́ yẹn.

*Oregun*

Mo padà délé, mo lọ jẹ́wọ́ fún Wòlíì. Nígbà tí mo fi ń ta bíà, àga iwájú ni mo wà, èmi ni mo tilẹ̀ ra fáànù tí wọ́n ń lò. Nítorí ife kan tí mo mu, wọ́n ní kí n lọ jókòó lẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ méje. N kò bá wọn jà. Ẹ̀yìn ni atẹ́gùn fáànù ń dé jù.

Ẹ̀ ń retí pé kí n sọ pé mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. N kò tì í. Bísí, àbíkẹ́yìn mi, àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í ṣílẹ̀kùn títí oòrùn á fi kan àtàrí, ẹni tó bá sì ń wo ife bíi ti Gbóyè yẹn, màá ní kó máa lọ sílé. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ike yẹn ń sọ pé Jámánì ti bà mí jẹ́. Mo gbé bíà aláìlọ́tí wá fún ọ̀kan nínú wọn, ó mu ún, ó bi mí bóyá òun ṣẹ̀ mí ni.

Lọ́jọ́ kan mo pe Bísí jókòó, a pe Láídé lórí fóònù. Mo ní, “Ọjọ́ tí mo bá kú, Gbóyè á wálé. Ẹ ò lè sin mí láìsí bíà, mo mọ àwọn oníbàárà mi. Àwọn àgbà á kún ife, wọ́n á ní ọmọkùnrin olóòkú ni kó tọ́ ọ wò. Ẹ má jẹ́ kó dá wọn lóhùn. Ẹ má sọ pé ó ń lo oògùn, ẹ má sọ pé ó ń gbààwẹ̀. Èyí tó bá sún mọ́ ọn jù nínú yín, kó gba ife náà lọ́wọ́ ẹ̀, kó mu ún tán.”

Láídé ní òun gbọ́. Bísí, tí òun náà ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun, ní, “Mọ́mì, ẹ mọ̀ pé èmi kì í fi ẹnu kàn án.”

Mo ní, “Mo mọ̀. Ó korò. Mu ún.”